Ohùn Tó Ń Bèèrè Oúnjẹ

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń kàwé fún ìyá mi nìkan lẹ́yìnkùlé wa ní Òdìgbò, kò sí ohùn tí mi ò lè gbé jáde.

Olùkọ́ kan tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa ló fi ìwé náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ìtàn adẹ́rùbani ni. Ọkọ obìnrin kan kú, àmọ́ ó ń padà wá kanlẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, ó ń bèèrè oúnjẹ. Obìnrin náà ò tíì ṣílẹ̀kùn níbi tí a kà á dé. Ó kàn ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń rántí ìgbéyàwó wọn, ó ń sunkún.

Bàbá tèmi náà ti kú lọ́dún tó kọjá, àmọ́ ẹ̀rù ìwé yẹn ò ba ìyá mi rárá. Bó ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ ló ń bá ìwé náà jà.

"Òkú wo ló ń rojọ́ tó báyìí? Nígbà tí bàbá rẹ wà láàyè gan-an, 'Ó ti jinná?' àti 'Bùútù mi dà?' nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Tó bá wá sùn, á máa hanrun bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́."

Lẹ́yìn náà á yọjú wo bùútù ọ̀hún, bàtà oko bàbá mi, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹrẹ̀ oko rẹ̀ ní Omifunfun ṣì wà lára bàtà náà. Gbogbo nǹkan ilé wa ni ìyá mi ń fọ̀, àyàfi ìyẹn.

"Kà á lọ," ni á wí. "Fi ohùn òkú náà kà á."

Ìyá elépo, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wa, gbọ́ ohùn náà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé àdúrà wa. Ní ọ̀sán Sátidé, wòlíì wọlé pẹ̀lú àwọn aláṣọ funfun, àbẹ́là lọ́wọ́ wọn.

"Ìyá, wọ́n ti gbọ́ ohùn ọkọ yín nínú ilé yìí. Oúnjẹ ló ń bèèrè."

"Ó jọ ọ́," ni ìyá mi dáhùn.

Wòlíì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní nǹkan kan ló so òkú mọ́ ilé, àwọn máa gbé e lọ sun. Ẹnì kan ti na ọwọ́ sí bùútù. Ìyá mi di ọ̀kan mú. Ẹnu tó ti ń bú òkú láti ọjọ́ yìí kò lè sọ nǹkan kan mọ́. Ó kàn dì í mọ́ àyà ni.

Mo mú ìwé. Mo fi ohùn òkú náà kà á:

"Ṣílẹ̀kùn. Ebi ń pa mí."

Àbẹ́là kan já bọ́.

"Ohùn yẹn nìyẹn," ni ìyá elépo wí, ó ń wo ẹnu mi.

"Ọmọ yìí?" Wòlíì wo ìwé, ó wò mí. "Èyí tí kì í lè kí èèyàn?"

"Òun náà ni, Bàbá," ni ìyá mi wí.

Wọ́n pa àbẹ́là, wọ́n lọ. Ìyá elépo nìkan ni kò lọ. Ó fa àpótí, ó jókòó.

"Ṣé obìnrin inú ìwé yẹn wá ṣílẹ̀kùn fún ọkọ rẹ̀?"

"A ò tíì débẹ̀, mà."

Ìyá mi ti ń to bùútù padà sáyè rẹ̀.

"Tí tiwa bá kanlẹ̀kùn, màá ṣí i," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò fọ bùútù rẹ̀."