Yẹ̀pẹ̀ Tó Wà Nídìí Ọsàn Wẹ́wẹ́ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ ibí kí ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí nílé ọkọ nítorí agolo tí mo gbin nǹkan sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló lè rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, ọmọ aláró. Ilé wa kò jìnnà sí Old Garage. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ìyá mi dúdú kirikiri, nítorí omi aró àti eérú tí wọ́n ti ń dà síbẹ̀ láti ayé ìyá ìyá mi. Ìyá mi kì í rí agolo kó má gbin nǹkan sí i. Àìsàn yẹn ló kó ràn mí.

Kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí ni mo fẹ́ tíṣà kan, ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ìyá mi gbé igi ọsàn wẹ́wẹ́ kékeré kan lé mi lọ́wọ́ nínú agolo. Ó ní bí mo bá bímọ tí ikọ́ ń dà á láàmú, kí n má lọ máa tọrọ ọsàn kiri ilé onílé. Orí itan mi ni mo gbé e lé nínú lọ́rì títí a fi dé.

N kò tíì pẹ́ níbẹ̀ rárá tí mo mú ọkọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ ni mo fẹ́ bù tí n ó fi gbin ata. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ọkọ́ mọ́lẹ̀ ni mo gbọ́ igbe lẹ́yìn mi.

"Ulẹ̀! Ó mà ń bu ulẹ̀ o!"

Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilẹ̀ nìyẹn. Aǹtí Fọlákẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ló ń ké bí ẹni tó rí ejò. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Màmá, ìyá ọkọ mi, fà mí wọ yàrá. Obìnrin tí ẹ̀rín ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ni, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí gan-an. Ó ní ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni? Ó ní ìyàwó kì í bu ilẹ̀ nínú agboolé àwọn. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni wọ́n sin àwọn baba wọn sí. Àti pé ta ni kò mọ̀ pé yẹ̀pẹ̀ ojú ẹsẹ̀ èèyàn làwọn ìkà fi ń mú èèyàn? Ó ní ìyàwó kan bu ú rí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dá a padà sílé bàbá rẹ̀, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ò sì bá a lọ.

Ẹ gbọ́, mo ti lóyún nígbà yẹn o!

Mo rọra béèrè bóyá mo lè bu yẹ̀pẹ̀ wá láti oko. Màmá wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní ta ló máa mọ èyí tí mo bù lóko yàtọ̀ sí èyí tí mo bù nílé? Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó parí.

Ẹlòmíràn á jáwọ́. Èmi ńkọ́? Mo ní kò burú, n ó gbìn ín láìsí yẹ̀pẹ̀!

Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lagi ní oríta Ìwárajà, mo gba ìyẹ̀fun pákó tuntun tí ayùn ń já sílẹ̀. Gbogbo ewé ata mi pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Mo dán ìhá ẹyìn wò, èyí tó máa ń kù tí wọ́n bá fún epo tán, tí a fi ń ṣe ògùṣọ̀. Epo ara rẹ̀ pe èèrà jọ láti ilé gbogbo. Mo gé èèpo kòkó tútù wẹ́wẹ́, mo rọ ọ́ kún agolo. Ooru mú nínú rẹ̀, gbòǹgbò sè bí ẹ̀fọ́. Àwọn ìyàwó ilé ń fi mí ṣẹ̀sín pé ìyàwó tíṣà ń fi ìdọ̀tí se ọbẹ̀.

Nígbà tó yá ni mo rí ojútùú ẹ̀. Ìyẹ̀fun pákó tó ti pẹ́ lẹ́yìn ilé àwọn onípákó, tí òjò ti pa títí tó fi ṣú, ìyẹn ò pa nǹkan mọ́. Mo fi irun ara èèpo àgbọn tí mo já wẹ́wẹ́ lù ú, kó lè máa mu omi dúró. Mo da èédú fífọ́ sí i kí omi má baà rógún. Àpáàdì wà nísàlẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ mélòó kan, mo fi omi ìgbẹ́ adìẹ bomi rin ín. Àlùhámúdù! Ata so, tòmátì so. Àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀sín bẹ̀rẹ̀ sí í wá já ata mi lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Ọsàn ìyá mi náà, mo yọ ọ́ kúrò nínú agolo rẹ̀, mo gbọn yẹ̀pẹ̀ Òṣogbo ìdí rẹ̀ sínú kòtò ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n èyí tí gbòǹgbò dì mú, mo fi í sílẹ̀ kí igi má baà kú. Mo dá a padà sínú agolo, mo fi irun àgbọn bò ó, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Mo bí Àbẹ̀kẹ́. Ara tù mí. Mo rò pé mo ti di ara ilé.

Àfi bí ẹsẹ̀ Bọ̀dá Délé ṣe wú. Bọ̀dá Délé yìí ni àkọ́bí Bàbá Àgbà tó jẹ́ olórí agboolé wa. Ẹsẹ̀ wú, ó ń jó o bí iná, kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọkọ mi ti lọ sí kọ́ọ̀sì àwọn tíṣà ní Ìbàdàn. Bí mo bá wọ ilé ìdáná báyìí, ọ̀rọ̀ á parẹ́ lẹ́nu wọn. Ṣé ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn? Kò sí ẹni tó já ata mi mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn mi. Bọ̀dá Délé jókòó, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Gbogbo agolo mi ni wọ́n ti kó síta.

Bàbá Àgbà ò pariwo. Ó ní wọ́n ti kìlọ̀ ilẹ̀ fún mi nígbà tí mo dé. Ó ní wọ́n ń sọ pé yẹ̀pẹ̀ ojú ẹsẹ̀ ọmọ òun wà lábẹ́ àwọn ewé wọ̀nyí. Bí wọ́n bá rí yẹ̀pẹ̀, ó ní òun ò ní fìyà jẹ mí o, kí n ṣáà máa lọ sílé bàbá mi, kí n fi ọmọ àwọn sílẹ̀.

Sùbúhánà! Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kò sí yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n dà á wò.

Aǹtí Fọlákẹ́ ń da agolo nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Irun àgbọn. Èédú. Ìyẹ̀fun pákó. Kò sí yẹ̀pẹ̀ tó tó orí abẹ́rẹ́! Bàbá Àgbà fọwọ́ rò ó, ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Ìgbà náà ni Aǹtí gbé agolo ọsàn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ ni! Mo sì la ẹnu, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiyẹn sílẹ̀. Ẹ ò rí irú ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ó dà á. Irun àgbọn kọ́kọ́ jábọ́. Lẹ́yìn náà, odidi ìṣù yẹ̀pẹ̀ dúdú já sílẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò.

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sún sẹ́yìn. Aǹtí Fọlákẹ́ wá sí ẹ̀yìn mi, ó ń tú ọ̀já ọmọ. Mo di ọ̀já náà mú. Wọ́n á gba Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi! Ohun kan ṣoṣo tí mò ń rò nìyẹn.

Màmá ló dìde. Mo rò pé òun ló máa gba ọmọ. Ó bi mí pé níbo ni yẹ̀pẹ̀ yìí ti wá. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún, pé láti ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni. Ó ní kí gbogbo wọn wo ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ṣé kì í ṣe pupa ni? Ìgbà wo ni ó di dúdú? Ó kọjú sí Bọ̀dá Délé, ó ní ṣé ó ti tẹ Òṣogbo rí? Bọ̀dá ní rárá.

Aǹtí Fọlákẹ́ kò gbà. Ó ní ta ló mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn tó fi dúdú?

Ni Màmá bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí gbogbo wọn ń sá fún, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bù ú. Ó ní, "Bó bá jẹ́ oògùn, kó kọ́kọ́ mú mi."

Ó kó o padà sínú agolo, ó gbé ọsàn lé e, ó fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òun náà wá láti ilé ìyá òun nígbà kan. Lẹ́yìn náà ló bá mi so ọ̀já ọmọ mi, tó le dáadáa. Bàbá Àgbà ní ìpàdé ti tú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí sòbìà yọrí lẹ́sẹ̀ Bọ̀dá Délé. Sòbìà lásán, láti inú omi tó ń mu lóko! Sòbìà tó fẹ́ degbò, tó yẹ kí wọ́n ké sí olúgàǹbe, èmi ni wọ́n ń ké lé lórí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Màmá pè mí sẹ́yìnkùlé. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n gbẹ́lẹ̀ kí n gbin ọsàn mi. Mo dúró bí igi, ọwọ́ mi ò ṣeé gbé sókè. Ó di ọkọ́ mú pẹ̀lú mi, a jọ kan án mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé yẹn ni wọ́n fi ọsàn igi náà wo ikọ́ fún, títí kan àwọn ọmọ Aǹtí Fọlákẹ́. Èmi ṣì ń gbin nǹkan sínú irun àgbọn títí dòní. Bí mo bá sì fẹ́ bu yẹ̀pẹ̀, kódà nínú ilé tí mo fi owó ara mi kọ́, mo máa ń wẹ̀yìn wò ná.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹ̀fun pákó tuntun gbin ata. Ẹ má sì tètè pe nǹkan tí ẹ ò mọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó yín ní oògùn. Ẹ bi í léèrè ná. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tó ń ka èyí, ó yá, ẹ sọ tiyín: kí lẹ gbé dání láti ilé ìyá yín, ta ló sì bá yín fọwọ́ kàn án?