Fusi Kò Gba Ìhàlẹ̀ Inú Fóònù

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ Fusi fún yín, Fusi tó ń lu aṣọ èèpo igi ní abúlé wa ní Vava'u, tí ohùn rẹ̀ máa ń bo gbogbo ariwo igi ìlùṣọ mọ́lẹ̀. Kò ga, kò lówó, kò bímọ, àmọ́ ta ló jẹ́ bá a jiyàn nílé bàbá rẹ̀? Lọ́dọ̀ tiwa ní Tonga, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni lóbìnrin ló lọmọ. Bàbá kàn ń bọ́ ọ ni.

Semisi, àbúrò rẹ̀, ló ra fóònù fún Elenoa ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ayélujára ń ba ọmọ jẹ́, ló bá ní kí Paula, ẹ̀gbọ́n Elenoa lọ́kùnrin, máa yẹ fóònù náà wò lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọn kì í jọ wo fíìmù nínú yàrá kan náà, nítorí èèwọ̀! Paula á gba fóònù, á gbójú sílẹ̀, á dúró díẹ̀, á ní, "Ó dáa, Bàbá." Inú Semisi á dùn, wọ́n á sì lọ ṣí ààrò ilẹ̀ tí oúnjẹ Ìsinmi ti jinná sí, wọ́n á jẹun.

Kò dáa rárá. Ẹnì kan tó pera rẹ̀ ní ọmọbìnrin akọrin ní ìlú Auckland lókè òkun ti bá Elenoa ṣọ̀rẹ́. Ó tàn án títí ó fi gba fọ́tò kan tí kò yẹ kí ọmọ fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Ìgbà yẹn ló wá fi hàn pé ọkùnrin lòun: kí Elenoa fi òmíràn ránṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Paula ni òun máa kọ́kọ́ fi èyí hàn. Ìkà náà mọ ibi tó ń dùn wá.

Nídìí iṣẹ́ aṣọ ni Fusi ti rí i pé ọmọ náà ń fi igi lu ìka ara rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí, Àǹtí."

"Kò sí kẹ̀! Àbí o rò pé ojú mi ti fọ́ ni?"

Elenoa bú sẹ́kún, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ó sàn kí òkun gbé òun lọ ju kí Paula rí i. Fusi sọ igi ìlùṣọ sílẹ̀. Ó fà á lọ́wọ́, ó di ilé Semisi.

Semisi gbọ́ tán, ó já fóònù gbà, ó fẹ́ jù ú síná. Ó ní lọ́la ni Elenoa ń lọ bá ìyá ìyá rẹ̀ ní erékùṣù kejì, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Paula, tó ti wà nínú ilé, ti dìde, ó ń wá ẹnu ọ̀nà.

"Paula, jókòó!"

"Àǹtí, èèwọ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní jókòó! Èèwọ̀ tí ẹ ń pa mọ́ yẹn ni ìkà yẹn fi ń jẹun. Semisi, gbé fóònù wá. Ẹ̀rí tí ọlọ́pàá máa lò lo fẹ́ sun yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ń tì mí."

"Kó máa tì ọ́! Àmọ́ ọmọ mi kò lọ síbì kankan. Ẹni tó tan ọmọdé jẹ ni kójú tì. Ṣé o bi Elenoa léèrè rí pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Iṣẹ́ bàbá lo gbé fún ẹni tí èèwọ̀ kò jẹ́ kó wo inú fóònù náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A ò ní dákẹ́ nílé yìí!"

Semisi jókòó sórí ẹní. Paula ò gbójú sókè.

"Mi ò wo inú rẹ̀ rí, Bàbá. Irọ́ ni mo ń pa. Elenoa, má bínú."

Fóònù dún. Ọkùnrin náà ló fọ̀rọ̀ ránṣẹ́: ó ní sùúrù òun ti tán, òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Paula báyìí. Fusi fẹ́ fìbínú dá a lóhùn, ṣùgbọ́n Elenoa ti nawọ́ gba fóònù. Ó sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Paula ò sì sún kúrò. Ọmọ náà wá fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́:

"Bàbá mi ti gbọ́. Paula ti gbọ́, òun ló jókòó tì mí yìí. Kí lo tún fẹ́ sọ fún wọn?"

Ó pa fóònù. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde, wọ́n gba àárín abúlé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lójú ọ̀sán gangan. Fusi ló ṣíwájú, ó ń kí gbogbo ẹni tó yọjú.