Sítáàṣì, Obì àti Kaféènì Bàbá Ṣadé

Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín ná! Láti ìgbà tí mo ti ń ta oògùn ní Deco Road, ní Warri níbí, n ò tíì rí oníbàárà bíi Bàbá Ṣadé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, iṣẹ́ epo ló gbé e wá, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ọ̀sán Sátidé kan ló já wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀.

"Olóògùn, gbà mí o! Àwọn àna mi ti ń bọ̀ láti Jeddo, mi ò sì fojú kan oorun láti àná. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀ yìí."

Mo mọ ohun tó ń já a láyà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá tọrọ Ṣadé ọmọ rẹ̀, orí àga ló sùn sí, ó tún ń hanrun! Wọ́n fìbínú lọ, wọ́n ní bàbá yìí ò ka àwọn sí. Bó bá tún sùn lọ́tẹ̀ yìí, ìgbéyàwó Ṣadé ti dàrú nìyẹn.

Mo fún un ní hóró kaféènì kan ṣoṣo. Kaféènì yìí kan náà ló wà nínú kọfí àti nínú obì, òun ní í lé oorun. Ó gbé e mì kí n tó bi í bóyá ó ti jẹun.

"Sítáàṣì àti ọbẹ̀ báńgà," ló wí, ìyẹn òkèlè ẹ̀gẹ́ tó ń fà, tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ ẹyìn jẹ ní Warri. "Mo yó bámúbámú!"

"Yéè! Bàbá, ó máa pẹ́ nìyẹn. Inú ìfun ni oògùn ti ń wọ ẹ̀jẹ̀, sítáàṣì ò sì ní jẹ́ kó tètè kúrò nínú ikùn. Ẹ má wulẹ̀ gbé òmíràn mì o."

Wọ́n ti pe èmi náà síbi ìtọrọ náà nílé Bàbá, ni mo bá tilẹ̀kùn, a jọ wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ. Àwọn àna ò tíì jókòó tán tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Omi ti lé sójú Ṣadé. Ó sọ sí mi létí pé, "Aunty, e don start again o!"

Ojú mi bá bọ́ sára abọ́ obì tí wọ́n fẹ́ fi kí àlejò. Mo rọra sọ fún Bàbá pé, "Ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ rún obì yẹn dáadáa. Ẹ má tètè gbé e mì. Awọ ẹnu náà ń fa díẹ̀ nínú kaféènì rẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀, kò dúró de ikùn."

Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan obì kí onílé tó ṣàdúrà sí i. Bàbá bá fò dìde. "Obì á bi ikú dànù, á bi àrùn dànù! Àmín!" Ká tó ṣẹ́jú, awẹ́ méjì ti wọ ẹnu.

Ẹ gbà mí! Ojú rẹ̀ là. Nígbà tó yá, hóró tí sítáàṣì dá dúró náà ráyè kọjá. Bàbá tún dìde, ó ní àdúrà kù! Ó gbàdúrà fún ọkọ ìyàwó, fún ìyá ọkọ, fún ojú ọ̀nà Jeddo, títí kan ewúrẹ́ wọn. Ó ń jó, ó ń làágùn. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín débi pé ikùn ń dùn wá.

Àgbà àwọn àna nawọ́ sókè. "In-law, abeg siddon! We don gree!" Ó wá yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Una see? Man wey pray for my goat, e want us."

Ṣadé dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Nígbà tí mo ń lọ, mo fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé oògùn mi ló gbàdúrà gbogbo yẹn.

Ó mi orí, omi ń bọ́ lójú òun náà. "Rárá o, Olóògùn. Oògùn kàn jí mi ni. Ayọ̀ yẹn ti wà nínú mi lọ́jọ́ tí mo sùn lójú wọn, oorun ni ò jẹ́ kí wọ́n rí i."