Ínhélà Ṣáájú Àlùwàlá

Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi pè mí láti ẹ̀yìn káńtà, tí mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àyà mi já. Mílíìkì àti súgà ni Ìyá Rídíwàn ń tà ní Agboju. Bí ó bá pe oníbàárà, ẹni tó wà ní òdìkejì títì á dáhùn. Mo ní kó lanu. Ahọ́n rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ àwo.

Ó ti pẹ́ tó ti ní ásímà, ikọ́ sémìísémìí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo inú ọ̀nà tí èémí ń gbà. Lára ẹni tó ní ásímà, awọ yìí máa ń wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kún un, ọ̀nà á sì fún. Sítẹ́rọ́ìdì ni oògùn inú ínhélà rẹ̀, tó ń fà sínú láàárọ̀ àti lálẹ́ kí awọ náà má bàa wú.

Ó ní, “Oògùn yìí ló fẹ́ gba ohùn mi,” ó sì pa á tì. Olórí kunkun ni. Ó wà lára ohun tí mo torí ẹ̀ fẹ́ ẹ.

Kò pẹ́, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Nílé ìwòsàn kan ní Amuwo, ó tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ńṣì, ó fọwọ́ ti orúnkún, kò lè parí gbólóhùn kan. Mo di etí ìbòrí rẹ̀ mú bí ọmọdé. Ẹ̀rù bà mí pé màá pàdánù rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ fín oògùn sí i nímú, tó ń mí dáadáa, dókítà wo ahọ́n rẹ̀, ó sì bi í pé, “Màmá, ìgbà wo lẹ máa ń fa ínhélà yín?”

“Tí mo bá ti ṣe àlùwàlá tán ni, kí n má bàa wúkọ́ lórí ìrun.”

“Ṣé ẹ máa ń fomi fọ ẹnu lẹ́yìn ẹ̀?”

“Mo ti fọ̀ ọ́ nínú àlùwàlá kẹ̀, dókítà.”

Ibẹ̀ lọ́rọ̀ wà. Oògùn tó bá dé ọ̀nà èémí ń ṣiṣẹ́ rere, àmọ́ èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ẹnu àti ọ̀fun ń dín ààbò ara ibẹ̀ kù. Ohun funfun kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí olú á ráyè hù, ohùn náà á sì ha.

“Ẹ kàn yí i padà, Màmá. Ẹ fà á kí ẹ tó ṣe àlùwàlá. Ẹ jẹ́ kí omi dé ọ̀fun, kí ẹ tu ú dànù. Ẹ má sì dá oògùn dúró láì sọ fún wa.” Ó fún un ní oògùn tó máa kán sẹ́nu.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ búùtà àlùwàlá ni ínhélà ń gbé. Ahọ́n rẹ̀ tètè mọ́, àmọ́ ohùn pẹ́ kó tó dé. Ásímà kò lọ. Àlejò tí kò ní lọ ni, a ti gbà bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé orí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni gbogbo ayọ̀ ilé mi dúró lé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá a sí fún mi.

Lánàá ó pariwo láti ẹ̀yìn káńtà pé, “Bàbá Rídíwàn, ẹ gbé páálí mílíìkì yẹn kúrò lọ́nà.” Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún un pè.