Etí Kan Ni Mo Fi Parí Àlùkùránì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó dá etí, tó sì tún dá ọkàn tó ń gba ọ̀rọ̀ dúró. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ná.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìfọ̀, etí òsì mi máa ń ṣọyún. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà yóò rántí àdín lílọ́wọ́ọ́wọ́ táwọn ìyá wa máa ń kán sí irú etí bẹ́ẹ̀. Tèmi kò gbọ́ àdín. Wọ́n fi rélùwéè gbé mi lọ sí ọsibítù l'Ékòó. Dókítà ní ọyún ti ń jẹ egungun, pé ó lè dé ọpọlọ. Wọ́n là mí lẹ́yìn etí. Ọyún dá, Ọlọ́run kó mi yọ, àmọ́ etí náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Bàbá mi ní kí n fi ilé-kéwú sílẹ̀. Ó ní etí ni wọ́n fi ń kọ́ kéwú, kí n kúkú máa bá ìyá mi yan gàrí. Mo yan gàrí títí èéfín fi sọ ojú mi di pupa, ọkàn mi ò kúrò nílé-kéwú. Lọ́jọ́ kan, mo gbọn gàrí kúrò lára ìró mi, mo gbọ̀nà ibẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Sàfú adití dé. Ẹ̀gbẹ́ Ààfáà gan-an ni mo lọ jókòó sí, níbi táwọn tó fẹ́ẹ́ ṣe wòlímọ̀ ìparí Àlùkùránì máa ń jókòó. Mo kọ etí ọ̀tún sí Ààfáà, mo kọ òkú etí sí ariwo wọn. Ẹ sáà mọ bí ilé-kéwú ṣe ń rí, kálukú ń ké tirẹ̀. Àwọn ni ariwo yẹn ń dà láàmú, kì í ṣe èmi.

Bàbá mi tọpasẹ̀ mi dé pẹ̀lú pàṣán. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ké èyí tí Ààfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa. Mo ń wo pàṣán náà, mi ò dákẹ́. Mo ké e dópin.

Ààfáà ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá Sàfú, ẹ jókòó. Ọ̀kan péré lọmọ yìí ní, ó ń fi gbọ́ kéwú. Àwọn tó ní méjì, ìpolówó àkàrà ni wọ́n ń fi gbọ́."

Bàbá mi jókòó sórí ẹní. Lọ́jọ́ wòlímọ̀ mi, àwọn tó pè mí ní adití ló kọ́kọ́ dé ìdí ẹran àgbò.

Láyé ìsinsìnyí, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ti wà, iṣẹ́ abẹ etí náà sì ti dára ju tìgbà yẹn lọ. Síbẹ̀, mo ṣì ń rí òbí tó ń fi ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo pamọ́ sẹ́yìn ilé. Mo máa ń bá wọn jà, mi ò sì ní yéé bá wọn jà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka èyí, ẹnikẹ́ni kò ní lé ọmọ yín dìde níbi tí Ọlọ́run bá fi í jókòó sí. Àmín.