Ọjọ́ Tí A Gun Òkè Lọ Bá Ìyá Wọn Sọ̀rọ̀

Ìyàwó mi ti wà ní ìlú òyìnbó kí fóònù alágbèéká tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Àkókó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló bá lọ. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀ fún èmi àti ìyá mi nílé wa ní Ọ̀kà: àkọ́bí ọkùnrin, obìnrin kan tó tẹ̀ lé e, àti àbíkẹ́yìn wa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú nígbà náà. Wọ́n ní ọdún méjì péré ni. Ọdún méjì tí wọ́n ń wí ti kọjá, kò dé, n kò sì mọ ẹni tí mo lè bá jà sí i.

Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìkàrẹ́ náà ni fóònù ti kọ́kọ́ ń gbọ́ràn. Àwa tí ilé wa wà lẹ́sẹ̀ òkè ní Ọ̀kà, bí a bá ti gbé fóònù wọlé, ó di bíríkì. Nítorí náà, ẹ̀yìn ọ́fíìsì ni mo ti ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, ìka mi kan nínú etí kejì nítorí ariwo mọ́tò. Ẹ ò lè mọ bí ó ti rí kí èèyàn máa pariwo "ṣé o jẹun?" mọ́ ìyàwó ẹni níṣojú àwọn akọ̀wé tó ń jẹ ẹ̀pà. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi ò rójú, etí náà kò sì gbọ́ dáadáa.

Ní ọjọ́ kan ló bi mí pé, "Ṣé ọmọ yẹn mọ̀ mí?"

Àbíkẹ́yìn ló ń wí. Mo ní, "Ọmọ wo ni kì í mọ ìyá rẹ̀?"

Ó ní, "Jẹ́ kó pè mí ní Mọ́mì. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Mo lè kó wọn wọ mọ́tò lọ Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n mo ti kórìíra ẹ̀yìn ọ́fíìsì yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń sọ pé bí èèyàn bá gun orí òkè Ọ̀kà, fóònù a máa gbọ́ ketekete. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, ọyẹ́ ti dé, àwọn ọmọ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé lé wa lórí. Mo sọ fún ìyá wọn pé kó pè wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, pé gbogbo wa yóò wà lókè.

Ìyá mi sun iṣu fún wa, ó di ata àti epo sínú ike, ṣùgbọ́n ó ń kùn. Ó ní, "Àwọn bàbá wa sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè kí wọ́n lè sinmi. Ìwọ ń kó ọmọ gùn ún padà, o ní ìgbádùn ni!"

Àkọ́bí ọkùnrin sáré ṣáájú. Ní gbogbo ibi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú díẹ̀, yóò kígbe pé a ti débẹ̀, irọ́ ni. Èkejì wọ bàtà ọdún rẹ̀, ó sì ń bi mí bóyá Mọ́mì yóò rí bàtà náà nínú fóònù. Àbíkẹ́yìn rìn títí tí ilẹ̀ fi tán tí àpáta bẹ̀rẹ̀, ó jókòó, ó ní òun ti dé. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo tú ìró ìyá mi tí a fi di iṣu, mo pọ̀n ọ́n.

Àwọn obìnrin kan ń sá ẹ̀gẹ́ lórí àpáta, ilẹ̀ funfun lọ rẹrẹ níwájú wọn. Bí wọ́n ti rí mi, ọ̀kan sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá wo ọkùnrin tó pọnmọ! Bàbá, ẹ kú ọmọ pípọ̀n o. Ìyá wọn ńkọ́?"

"Ó rìnrìn àjò."

"Ọlọ́run á mú un bọ̀ o. Ọ̀já yín ti ń tú!"

Ó wá bá mi so ó le, ó gbá ọmọ náà nídìí jẹ́jẹ́. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́. Ó ti sú mi kí n máa sọ pé ó rìnrìn àjò. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, wọn kò sì yé bi mí.

A jókòó lábẹ́ òkúta ńlá kan láti jẹun. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́, òrùlé Ọ̀kà wà nísàlẹ̀ nínú eruku, n kò lè mọ tiwa yàtọ̀. Mo gé iṣu, mo pín in. Ìgbà tí gbogbo wa ti mú tiwa ni mo rí i pé ó ku ìpín kan lórí ewé. Ọwọ́ mi ló bù ú fún ìyá wọn. Ọkùnrin bojú wò mí, ó mú un, ó jẹ ẹ́. Àdáwà ṣe mí lọ́jọ́ náà ju bó ti ń ṣe mí nínú yàrá lọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ mẹ́ta ló yí mi ká.

Lókè pátápátá, a bá àwọn mélòó kan tí wọ́n gbé fóònù sókè, tí wọ́n ń yí kiri lójú kan. Tíṣà kan dúró lórí òkúta lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó ní bí òun bá gbé ìkejì sílẹ̀, ìpè òun yóò já. Mo wá igun tèmi. Fóònù dún.

Ọkùnrin ló kọ́kọ́ gbà á, ó sọ ipò tó gbà nílé ìwé. Èkejì ṣàlàyé bàtà rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti ìdè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ àbíkẹ́yìn kalẹ̀, mo ní, "Ó yá, pè é. Òun ló wà níbẹ̀."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba fóònù. Ó kúnlẹ̀ lórí àpáta, nítorí ìyá mi kọ́ ọ dáadáa. Mo tẹ etí mi sún mọ́ tirẹ̀.

Ó ní, "Ùyàwó, ọ kú uṣẹ́ o."

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó pè é bẹ́ẹ̀. Bí ìyá mi ti ń pe ìyàwó ilé rẹ̀ ní èdè Ọ̀kà nìyẹn, bí àwọn àbúrò mi ti ń pè é nìyẹn, àfi bíi pé orúkọ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ "Mọ́mì" ti wọ́n lẹ́nu àwọn méjì tó kù. Ohun tí ọmọ yìí ń gbọ́ nínú ilé ló mú wá sókè, ó sì kí i bí àgbàlagbà ilé ọkọ ti ń kí ìyàwó.

Mo gbọ́ ìyàwó mi, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, bó ti máa ń dá àwọn ẹbí mi lóhùn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wa.

"Oo, ọkọ mi. Ẹ kú ilé o. Ṣé ẹ ń bá mi tọ́jú àwọn ọmọ mi?"

"À ń tọ́jú wọn," ni ọmọ náà wí.

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. Mo fi í sétí. Fóònù ń gbọ́ ketekete, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, ṣùgbọ́n "ṣé o jẹun?" náà ni mo tún bi í.