Ọwọ́ Tó Ń Gbá Ẹ̀gbẹ́ Bọ́ọ̀sì

Ó-Pé ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pe ọkọ mi, èmi náà sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀ kí n tó fẹ́ ẹ. Oṣù mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ, nítorí náà ẹ má retí pé kí n máa fi "ẹ̀yin" bá a sọ̀rọ̀. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì gbọọrọ ni, irú èyí tó ń kó àwọn èèyàn lọ lo ìsinmi: nígbà ooru, etí òkun, nígbà òtútù, orí òkè tí yìnyín bò. Kí ó tó gbéra níbikíbi, á dìde, á mú ìwé orúkọ dání, á máa pe nọ́ńbà ìjókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù á sì dáhùn. Bó bá pe èyí tó gbẹ̀yìn tán, á ní, "Ó pé." Àwọn dẹ́rẹ́bà yòókù á kàn fi ojú wo ẹ̀yìn fìrí, wọ́n á tẹná. Tiwọn yá, àmọ́ ọdún mẹ́tàlélógún ni tèmi ti ń wakọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ sọ́nà rí. Èmi ìyàwó rẹ̀ ni.

Mi ò kú o. Mo tètè sọ ọ́ nítorí bí àwọn èèyàn ṣe máa ń wò mí bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, àfi bí ẹni pé ó yẹ kí n tọrọ àforíjì pé mo ṣì ń jẹun. Mo wà láàyè, mò ń rán kọ́tìnì fún àwọn oníbàárà mi, ẹnu mi sì mú. Ìka ẹsẹ̀ méjì ni òtútù gbà lọ́wọ́ mi, n ò sì fi ìka ẹsẹ̀ ránṣọ. Ọkọ mi gan-an ni mi ò mọ̀ bóyá ó bọ̀ délé lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ilé iṣẹ́ wọn máa ń gbà kí dẹ́rẹ́bà mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ dání bí ìjókòó ẹ̀yìn bá ṣófo. Orúkọ wa kì í sí nínú ìwé. Nítorí náà, bí Ó-Pé bá ka àwọn èrò rẹ̀ tán, á gbóhùn sókè sí wa lẹ́yìn, á ní, "Ilé ńkọ́?" Èmi á dáhùn pé, "Ilé pé." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èmi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ti jókòó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rin gbogbo ìrìn àjò wa. Tí ẹ bá rí wa létí òkun nígbà yẹn, iyanrìn nínú etí, iyanrìn nínú búrẹ́dì, ọmọ á máa wa iyanrìn bo bàbá rẹ̀ títí dé ọrùn, òun náà á sì máa ka àwọn ìkarahun tí ọmọ ń tò sí i láyà. Kò lè ṣe kó má kà. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá dé ọ̀run, á kọ́kọ́ ka àwọn áńgẹ́lì kí ó tó jókòó.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, orí òkè la wà, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ibi ìdúró kan wà lójú ọ̀nà níbẹ̀, kò ju ilé ìtọ̀ onípákó kan àti ibi tí àwọn tó ń ta ìbọ̀wọ́ máa ń pàtẹ sí. Àwọn ọlọ́jà yẹn ò ní sùúrù. Bí bọ́ọ̀sì bá ti fẹ́ gbéra, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí èrò lè rajà lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n yìnyín ti ń bọ́ gan-an lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti palẹ̀ mọ́ kí a tó débẹ̀.

Mo lọ tọ̀. Aṣọ márùn-ún ni mo wọ̀ léra. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ márùn-ún lọ tọ̀ rí mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Níbi tí mo ti ń tú bọ́tìnì, wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn dẹ́rẹ́bà pé wọ́n fẹ́ ti ọ̀nà náà. Ó-Pé ka èrò rẹ̀ wéréwéré. Méjìlélógójì, gbogbo wọn dáhùn. Ó ń fi aṣọ nu jígí iwájú ọkọ̀ lọ́wọ́ tó fi ní, "Ilé ńkọ́?" Ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti dojú bo ìwé àwòrán rẹ̀ láti àárọ̀, ó rò pé iwájú ni mo wà lọ́dọ̀ bàbá òun. Kò gbójú sókè. Ó dáhùn pé, "Ilé pé," bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi láti kékeré, ohùn rẹ̀ sì jọ tèmi. Ṣé ẹ máa bá ọmọ wí ni? A ò bá a wí.

Mo jáde, bọ́ọ̀sì ti ń yí. Mo sáré. Mo sáré débi pé mo bá a, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, pàá, pàá, pàá, mo sì ń pe orúkọ rẹ̀ gangan, kì í ṣe Ó-Pé. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo ṣubú. Kí n tó gbórí sókè, funfun ni mo rí, n ò rí bọ́ọ̀sì mọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́, mo sì ń rò pé ó máa dúró. Báàgì àti fóònù mi wà lórí ìjókòó. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi wà nínú ilé ìtọ̀ yẹn kí ọkọ̀ tó ń ha yìnyín kúrò lójú ọ̀nà tó rí mi. Ìlú tó kàn, nísàlẹ̀ òkè, ni Ó-Pé dé kí ọmọ tó rìn wá síwájú láti béèrè mi. Wọ́n ti ti ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà yẹn.

Níbi tí wọ́n ti ń wé ẹsẹ̀ mi ní ọsibítù, ohun tí Ó-Pé kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé o bá bọ́ọ̀sì? Ṣé o gbá a?" Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní òun gbọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, òun rò pé yìnyín ló já bọ́ láti orí rẹ̀. Mo wò ó, mo sì rí bí gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù yóò ṣe rí bí mo bá sọ òótọ́. Mo ní, "Rárá o. Bọ́ọ̀sì ti lọ kí n tó jáde." Ó bojú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rò pé ara tù ú ni. Mo ka irọ́ yẹn sí ìfẹ́, inú mi sì dùn pé mo pa á.

Oṣù kan kò pé lẹ́yìn ìyẹn tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Bó bá ti gbéra báyìí, ọwọ́ kan á gbá bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Á dúró, á sọ̀kalẹ̀, á yí ọkọ̀ po, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara irin náà, á sì padà wọlé. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ìró náà bá a délé pẹ̀lú. Ìdérí ìkòkò á já bọ́ nínú kíṣìnnì lọ́sàn-án gangan, Ó-Pé á dìde lọ ṣílẹ̀kùn, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wo títì sọ́tùn-ún sósì. Tó bá tìlẹ̀kùn tán, á yíjú sí mi níbi tí mo ti ń ránṣọ, á wá máa wò mí, á wò mí pẹ́. Nígbà míì mo máa ń fọwọ́ kan ara mi, kí n lè mọ̀ pé mo jókòó síbẹ̀ lóòótọ́. Dókítà elétí yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní etí rẹ̀ dá ṣáká. Ìyẹn tún dẹ́rù bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ wa tó ti lọ sílé ìwé gíga báyìí kì í fẹ́ wálé lo ìsinmi. Ó ní ilé wa ń ba òun lẹ́rù.

Ọdún mẹ́sàn-án la fi wà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yìí, ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn pè mí lórí fóònù.

"Ìyá, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹni wa ni Ó-Pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀meje ló dúró láàárín òkè àti ìlú lóṣù tó kọjá, àwọn èrò sì pàdánù ọkọ̀ òfuurufú wọn. Tó bá tún dúró láìnídìí lójú ọ̀nà etí òkun lọ́sẹ̀ yìí, á dá kọ́kọ́rọ́ padà."

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ó-Pé ò mọ iṣẹ́ míì, kò ní eré ìdárayá, kò ní ọ̀rẹ́ tí kì í ṣe dẹ́rẹ́bà. Bí wọ́n bá gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, inú ilé ni yóò jókòó sí pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ́ yẹn, títí yóò fi ya wèrè. Mo mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè gbà á sílẹ̀, ẹnu mi ló sì wà. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ló lè pa á. Mo ní màá bá a lọ sétí òkun.

N kò tíì wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí. Ó ka èrò, ó ní ó pé. Kò béèrè ilé. A rìn fún bíi wákàtí kan, mo wá rí i tí èjìká rẹ̀ ká sókè, mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ ọ. Ó wò mí nínú jígí. Mo mi orí sí i pé kó má dúró. Ó gbìyànjú, òógùn bò ó lọ́rùn, àmọ́ nígbà tó yá, ó ya ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sọ̀kalẹ̀.

"Ṣé orí dẹ́rẹ́bà yìí pé báyìí?" ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní, ó sì ń mú fóònù rẹ̀ jáde láti pe ilé iṣẹ́.

"Orí ẹ̀ pé ju tìẹ tó ń tutọ́ èèpo ẹ̀pà sílẹ̀ ọkọ̀ lọ," mo ní. "Èmi ni mo ní kó dúró. Èébì ló ń gbé mi." Mo sọ̀kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣe bí ẹni ń bì. Ọkùnrin náà fi fóònù sápò. Irọ́ yẹn yọ lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, ojú Ó-Pé sì wà lára mi nígbà tí mò ń pa á.

A dé etí òkun. Àwọn èrò bọ́ bàtà, wọ́n lọ sínú omi. Èmi àti òun jókòó sórí ògiri kúkúrú kan.

"Àṣé o mọ irọ́ pa báyẹn," ó ní.

"Nítorí tìẹ ni."

"Ìwọ fúnra ẹ sọ fún mi pé o ò bá bọ́ọ̀sì." Ó yíjú sí mi. "Ṣé lóòótọ́ ni? Ọwọ́ ta ni mò ń gbọ́?"

Mi ò lè gbé e mì mọ́. "Ọwọ́ mi ni," mo ní. "Mo bá bọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbá a kí n tó ṣubú. Etí ẹ gbọ́ dáadáa. Èmi ni mo parọ́."

Mo retí kó bú sẹ́kún, tàbí kó dìde fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni," ó ní.

"Kí ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo gbá a. Mo kà á."

Mo ronú. Òótọ́ ni. Bí mo ṣe ń ṣubú, ọwọ́ mi tún ba ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítòsí táyà. Èmi gan-an ti gbàgbé.

"Mo mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ni," ó ní. "Irọ́ lèmi náà pa fún ẹ lórí yìnyín tó já bọ́. Mo rò pé ẹnì kan nínú àwọn tó ń ta ìbọ̀wọ́ ló ṣẹ́ kù, tó fẹ́ kí n gbé òun sọ̀kalẹ̀. Mo wo ìwé. Méjìlélógójì ti pé, ilé ti dáhùn. Mo ní ẹni tó ń gbá a kì í ṣe tèmi. Mo tẹná. Nígbà tí o wá sọ fún mi pé kì í ṣe ìwọ, mo mọ̀ pé ẹlòmíì wà níbẹ̀ nìyẹn, tí mo fi sílẹ̀ sínú yìnyín, tẹ́nikẹ́ni ò wá kiri. Gbogbo ọdún ni mò ń ka àwọn ọlọ́jà yẹn tí mo bá gùnkè. N ò mọ iye tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀."

Ó wá di ọwọ́ mi mú, ẹkún gbọ̀n ọ́n, ẹ̀rín sì ń bá ẹkún náà jáde. "Kò sẹ́ni tó kú," ó ń wí. "Ìwọ ni. Ìwọ nìkan ni." Mi ò rí ayọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dáàbò bo ọkọ mi kó má bàa mọ̀ pé òun gbọ́ ọwọ́ èèyàn tí òun ò dúró. Gbogbo ìgbà yẹn ló mọ̀. Ìròyìn ayọ̀ tó sì ti ń dúró dè látọjọ́ yẹn ni pé èmi ló fi sílẹ̀ sínú yìnyín.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bọ́, orí rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n inú bí mi débi pé mo fa ọwọ́ mi kúrò nínú tirẹ̀. Ó ní àkókò ti tó, ó lọ síbi bọ́ọ̀sì.

Àwọn èrò gbọn iyanrìn dànù, wọ́n wọlé. Mo gbọ́ bó ṣe ń pe nọ́ńbà wọn, ohùn rẹ̀ já gaara bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó pè wọ́n tán, ó bọ́ sílẹ̀, ó juwọ́ sí mi. Mo rí i dáadáa. Mi ò dìde. Ọkùnrin tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ní kí wọ́n máa lọ jàre. Ó-Pé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò mí, ẹ̀rín ti ń lọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí kí bọ́ọ̀sì odindi dúró de èmi náà, mi ò sì tíì mọ ìgbà tí yóò tó.